Ẹni Tó Kọ́ Mi ní Ọ̀kadà Gígùn

Palolem,
Goa,
Orílẹ̀-èdè Íńdíà.
18 Oṣù Èrèlé, 2024.

Àjàní, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lánàá. O rí fọ́tò tí mo gbé sójú WhatsApp, níbi tí mo jókòó sórí iyanrìn tí mo di àgbọn tútù mú, o wá kọ ọ́ pé: "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ ń jayé. Àwa ti wà lórí Bàjáájì láti aago márùn-ún ìdájí." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ fèsì lórí fóònù, mo kọ ìlà méjì, mo pa á rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni mo bá lọ ra ìwé àti bírò lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ àti bisikíìtì lẹ́bàá títì.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ gbèsè kan. Ìwọ lo kọ́ mi ní ọ̀kadà gígùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́ nígbà náà, èmi ti jáde ní yunifásítì, ojú sì ń tì mí pé àbúrò mi ń pariwo lé mi lórí ní pápá iléèwé, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́: "Ẹ jù ú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Àǹtí mi! Ẹ má jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan!" Kílọ́ọ̀ṣì ni ò ń wí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣubú lọ́jọ́ náà, àpá ọ̀kan ṣì wà ní orúnkún mi. Gbogbo ohun tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi mọ̀ lórí alùpùpù, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti kọ́ ọ. Ohun kan péré ni o kò kọ́ mi, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ ìwọ náà: bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Òun ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Kẹ́rálà tí a jọ ń kàwé ní Delhi, ló dá àbá ìrìn àjò yìí. A parí ìwé àpilẹ̀kọ wa, ó ní òun fẹ́ lọ kí bàbá òun ní Kannur, àti pé kàkà ká wọ ọkọ̀ ojú irin, ká gun alùpùpù lọ. Oníkálukú háyà tirẹ̀. Ọjọ́ keje oṣù yìí la kúrò ní Delhi. A gba títì ńlá tí wọ́n ń pè ní NH48, a kọjá Jaipur, Udaipur àti Ahmedabad, a dé Mumbai, a sì bọ́ sórí NH66, èyí tó ń tọ etí Òkun Arébíà lọ sí gúúsù títí dé Kanyakumari, níbi tí ilẹ̀ Íńdíà ti parí sínú omi. Ọjọ́ mẹ́jọ la lò ká tó dé ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ó lé ní 2,000 kìlómítà.

Mo mọ̀ pé alùpùpù ni wàá kọ́kọ́ béèrè. Royal Enfield 350 ni wọ́n fún mi. Bàjáájì, ọ̀kadà tí o fi ń kérò láàárín Kútọ̀ sí Sápọ́n nílùú wa, ọmọ Íńdíà ni. Ìlú Pune ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wà. Ṣùgbọ́n àgbà ni Enfield jẹ́ fún un. Àwọn òyìnbó Redditch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun Íńdíà ń wá ohun tí wọn yóò máa gùn ṣọ́ ibodè, wọ́n yàn án, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Chennai ní 1955, nígbà tí ìlú náà ṣì ń jẹ́ Madras. Lónìí, àwọn ti Redditch ti ti ilẹ̀kùn wọn tipẹ́, àwọn ti Chennai ló ń ṣe é, wọ́n sì ń tà á fún òyìnbó padà. Ó wúwo tó 200 kìlógíráàmù, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ kò jọ ti Bàjáájì rárá. Tirẹ ń ké bí oyin. Èyí ń lu ilẹ̀ bí ẹni ń gúnyán: gbì, gbì, gbì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn náà dùn mọ́ mi nínú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, orí mi ló ń gún.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì níbí. Màmá wa ti sọ fún wa rí pé ọwọ́ òsì ni àwa náà ń gbà ní Nàìjíríà kí ìjọba tó yí i padà sí ọ̀tún ní 1972. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí ojú mi tó mọ́ ọn. Fèrè ni èdè ojú títì wọn; ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé kí o fọn ọ́n kí o tó kọjá. Màlúù a dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà bí ẹni tó ni ìwé ilẹ̀ ibẹ̀, mọ́tò a sì rọra yí i ká láìbínú.

Àmọ́ àìsàn kan ṣe mí lójú ọ̀nà, n kò sì tètè mọ̀ pé àìsàn ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kìlómítà bí ahun ṣe ń ka owó. Lálaalẹ́, màá kọ iye tí a rìn sílẹ̀, màá sì pinnu pé tọ̀la gbọ́dọ̀ jù ú lọ. Ìlú adágún omi ni Udaipur, ààfin funfun wà láàárín omi níbẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi tó dúró. Alẹ́ la wọ ìlú náà, ìdájí la jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní ká sinmi ọjọ́ kan. Mo ní rárá, ọ̀nà ṣì jìn. Ó tún sọ ọ́ ní Ahmedabad. Mo tún ní rárá. Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan mọ́.

Láti ọjọ́ karùn-ún ni nǹkan kéékèèké ti ń ṣẹlẹ̀. Mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára alùpùpù mọ́jú. Mo san owó epo, mo fẹ́ẹ̀ lọ láìdé ọmọrí táǹkì. Mo gun bọ́ǹpù kan láìrí i, ẹrù mi já sílẹ̀, mo sì bú bọ́ǹpù náà. Gbogbo rẹ̀ ni mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ní agbègbè Konkan, níbi tí títì ti ń wọ́ bí ejò láàárín òkè àti òkun, oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, títì tí wọ́n ń fẹ̀ lọ́wọ́ kún fún eruku. Àjàní, mo sùn. Orí alùpùpù tó ń sáré ni mo ti sùn. N kò mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú àáyá méjì ni tàbí mẹ́ta. Fèrè bọ́ọ̀sì ló jí mi, mo sì rí i pé apá ibi tí bọ́ọ̀sì náà ń gbà bọ̀ ni mo wà. Mo yà á. N kò mọ bí mo ṣe yà á. Ọwọ́ tí ìwọ kọ́ ló yà á, kì í ṣe èmi.

A dúró síbi tí bàbá kan ti ń ta tíì lábẹ́ tapólì. Kọ́ọ̀pù gíláàsì kékeré ni wọ́n ń lò. Ìdajì tíì náà dà sí mi lẹ́sẹ̀ kó tó dé ẹnu mi, nítorí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi máa pariwo mọ́ mi. Kò pariwo. Ó gba kọ́ọ̀pù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀, ó ní: "Ọ̀la la máa dé etíkun. Tí a bá ti dé ibẹ̀, a ò ní gun ohunkóhun fún ọjọ́ márùn-ún. N kò bi ọ́ léèrè o."

Bí a ṣe dé Palolem nìyẹn. Etíkun náà tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, òkè kékeré olókùúta wà ní ìkángun kìíní àti ìkejì. Nígbà tí omi bá fà, o lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí erékùṣù tó wà lápá àríwá. Omi ibí kò dà bí ti Èkó tó ń gbá ni mọ́lẹ̀ bí ẹni ń jà. Nínú oṣù yìí, pẹ̀lẹ́ ló ń wá, pẹ̀lẹ́ ló ń lọ. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé oòrùn ń wọ̀ sínú òkun. Ìhà gúúsù ni òkun wà sí Èkó. Ìwọ̀ oòrùn ló wà síbí. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, oòrùn a pọ́n bí epo pupa, a sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí omi yóò fi gbé e mì. Ajá, àlejò, apẹja, gbogbo wọn a dojú kọ ọ́.

Má rò pé ìsinmi dùn mọ́ mi lójú ẹsẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo dùbúlẹ̀ nínú ahéré onípákó tí a háyà, bẹ́ẹ̀dì ń gbọ̀n lábẹ́ mi, etí mi sì ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì tí a ti pa. Ọjọ́ kejì ni ara mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ẹ̀yìn, ọrùn, ìdí, ọrùn ọwọ́ tí oòrùn ti jó láàárín ìbọ̀wọ́ àti apá ẹ̀wù. Mo bi ara mi pé: gbogbo ìrora yìí, ibo ló wà lánàá? Ó wà níbẹ̀. Èmi ni kò sí nílé láti gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ mi dilẹ̀, mo ní kí n fọ alùpùpù náà. Mo mú korobá àti àkísà, mo kúnlẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn. Sipóòkù méjì ti já. Ṣéènì ti gbẹ, ó dẹ̀ bí okùn ìsáṣọ. Mo bẹ bíréèkì wò, ó ti jẹ tán, ó ku bí èékánná. Ohun tí mo gùn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Konkan nìyẹn, tí mo sì ń fi iye kìlómítà yangàn. Mẹkáníìkì ojú ọ̀nà kan tún gbogbo rẹ̀ ṣe láàárín wákàtí méjì. Kò díjú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí táyà kọ́ ló máa rí i pé sipóòkù já. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ tó kúnlẹ̀ ni.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo etíkun yìí pẹ̀lú ojú mìíràn. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ni ahéré wa pé ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ní lọ́dọọdún ni. Kí òjò ńlá tó dé ní oṣù Òkúdù, wọ́n á tú gbogbo ahéré etíkun, pákó pẹ̀lú pákó, wọ́n á kó o pamọ́. Tí òjò bá lọ, wọ́n á tún un kọ́. Àwọn apẹja náà ń dúró. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù títí dé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Agẹmọ, ọjọ́ 61, òfin kò gba àwọn ọkọ̀ ìpẹja ńlá ẹlẹ́ńjìnnì láyè ní etíkun Goa, kí ẹja lè rí àyè bímọ. Ebi kò ṣàì máa pa àwọn apẹja. Wọ́n mọ̀ pé bí òkun kò bá sinmi, àwọ̀n yóò máa gbé omi lásán wálé. Kí ni èyí wá fi yàtọ̀ sí ohun tí bàbá wa ń ṣe? Ìwọ náà rántí oko Òdèdá tí ó fi sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, tí àwọn aládùúgbò ń sọ pé ó ti ya ọ̀lẹ. Ṣé o rántí bí iṣu tó ti ibẹ̀ jáde lọ́dún kẹrin ṣe tóbi tó?

Lánàá, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá (òun náà pọ̀ níbí bí eṣú) lọ sí etíkun Galgibaga, tí kò jìnnà. Ibẹ̀ ni ìjàpá òkun ń wá yé ẹyin sí láàárín oṣù Bélú sí oṣù Ẹrẹ́nà. Òru ni wọ́n ń wá, a kò rí ìkankan. Ọgbà kékeré tí àwọn aṣọ́gbó ìjọba fi yí ìtẹ́ wọn ká nìkan la rí. Ìjàpá inú àlọ́ tiwa, ọ̀lẹ ni, alárékérekè sì ni. Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ: inú ibú ló ń gbé, ọ̀nà tó ń lúwẹ̀ẹ́ jìn ju èyí tí mo rìn lọ. Ṣùgbọ́n bó ti mọ omi í wẹ̀ tó, kò lè yé ẹyin kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gun ilẹ̀, kó gbẹ́ iyanrìn, kó yé bí ọgọ́rùn-ún ẹyin, kó bò wọ́n, kó tó padà. Ohun kan wà tí a kò lè ṣe lórí ìrìn.

Àwọn ará Goa ní ọ̀rọ̀ kan, susegad. Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni wọ́n ti mú un, àwọn tó gba ilẹ̀ yìí ní 1510 tí wọn kò sì jáde títí di 1961, ọdún kan lẹ́yìn tí àwa gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi, mo ní àwa náà ní in: ká fara balẹ̀. Mo ti ń pè é láti kékeré, n kò fetí sí i rí. Ká fi ara ba ilẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá tíì kan ilẹ̀, kò tíì fara balẹ̀.

Àwọn Potogí yẹn náà ló pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jà. Mo rí èso kan, mo nawọ́ sí i, mo ní "kajú." Obìnrin tó ń tà á ní "kaju." A wo ara wa. Láti Bràsíl ni wọ́n ti gbé igi náà wá sọ́dọ̀ wọn àti sọ́dọ̀ wa, orúkọ kan náà ló sì bá igi náà rìn. Àgbọn tí o rí lọ́wọ́ mi nínú fọ́tò, òdìkejì ni: láti Òkun Íńdíà ni ọkọ̀ Potogí ti gbé e lọ sí etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Tí o bá tún dé Àgbádárìgì, bá mi kí àgbọn ibẹ̀. Sọ fún un pé mo rí àwọn ẹbí rẹ̀.

Àjàní, mo ti gbọ́ èsì rẹ kí o tó sọ ọ́. Wàá ní: "Àǹtí mi, ẹ ń fi owó sikọ́láṣíìpù jókòó sétí òkun, ẹ wá ń wàásù ìsinmi fún ẹni tó ń dá owó fún bàbá tó ni ọ̀kadà." Òótọ́ ni. Bàbá tó ni Bàjáájì yẹn kò ní béèrè bóyá ara rẹ le. Mo mọ̀ pé owó ọjọ́ mẹ́fà ni tirẹ̀, ti ọjọ́ Àìkú nìkan ni tìrẹ, owó ọjọ́ Àìkú sì ni ẹ fi ń jẹun nílé. N kò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n rántí ìtàn tí o sọ fún mi nígbà Kérésìmesì. O ní o gbé ìyá kan tó ń lọ sí Pánṣẹ́kẹ́, o kò mọ̀ pé o ti gba ọ̀nà mìíràn lọ àfi ìgbà tó lù ọ́ léjìká ní Láfẹ́ńwá. O ní o gbé èrò mìíràn, o sì lọ láìgba owó. O ní ojú rẹ pọ́n, wọ́n rò pé o mu paraga. A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí mo gbàgbé, ọmọrí táǹkì tí n kò dé, bọ́ǹpù tí n kò rí: ìtàn kan náà ni, bọ́ọ̀sì ló sì wà ní ìparí tèmi.

Nítorí náà, ohun tí mo ní lọ́kàn rèé. Láti oṣù tó ń bọ̀, Àìkú kan láàárín méjì, èmi ni màá san owó tí ìwọ ì bá rí lọ́jọ́ náà. Màá fi ránṣẹ́ sí màmá, kì í ṣe ìwọ, kí o má baà gba owó kí o tún lọ gun ọ̀kadà. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀, kò ní pa mí. Má dúpẹ́. Owó ẹ̀kọ́ tí n kò san fún ọ ní pápá iléèwé ni.

N kò ní kí o lọ sí etíkun. Gbé Bàjáájì náà sábẹ́ igi mángòrò tó wà lẹ́yìn ilé. Kọ́kọ́ sùn. Sùn títí tí ara rẹ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, kí o sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, mú korobá àti àkísà, kúnlẹ̀ ti táyà ẹ̀yìn, kí o ka sipóòkù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀la la máa gbéra lọ sí Gokarna. Bí 100 kìlómítà péré ni, a ó sì tún sinmi níbẹ̀. Èmi ni mo dá a lábàá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rẹ́ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bá mi kí màmá. Sọ fún wọn pé mò ń jẹun dáadáa, kí o má sì sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì fún wọn.

Tí o bá ka sipóòkù tán, kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti iye tó ti já. Bí n kò bá rí nọ́ńbà yẹn, n kò ní gbà pé o sọ̀kalẹ̀.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ tí o kọ́ ní ọ̀kadà.